Obìnrin Tó Ń Yọ Eegun Ẹja l'Ékòó

Rárá, Ìyá Àmínát, ẹ má gbé àpótí wá, mi ò wá jókòó. Ẹ ò rí bí mo ṣe ń làágùn? Ẹsẹ̀ ni mo fi rìn láti etí odò dé Karaworo níhìn-ín, ẹrù mi sì wà nílé, mo ti dì í, ó ku kí n gbé e rù. Ẹ̀yin lẹ ṣáájú àbúrò yín wáyé, ẹ̀yin lẹ fà mí lọ́wọ́ wọlé lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ẹ ní ọmọ dáadáa ni. Ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ dáadáa ṣe. Bí mo bá rò ó tán tẹ́ ẹ ní mi ò jàre, n ó padà lọ tú ẹrù mi. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé bẹ́ẹ̀ ni, pé Mùkáílà, mo dárúkọ ẹ̀ lónìí, ẹ má bínú, pé Mùkáílà ti fẹ́ obìnrin s'Ékòó, ilé bàbá mi ní Ìlọrin kò tíì wó.

Ẹ má sọ pé ọkùnrin lè fẹ́ méjì. Ta ló ní kó má fẹ́? Ká ló sọ fún mi ni, ǹ bá ti ra oyin àti iyọ̀ sílẹ̀ de ìyàwó. Irọ́ lèmi ò gbà. Wàláhì, mi ò gba irọ́.

Ṣé ẹ rántí pé ó ní òun ń lọ s'Ékòó lọ wòran? Ọkùnrin tó ń ta aṣọ ní Lọ́kọ́jà yìí láti kékeré, tí kì í lọ jìnnà ju Kàbà lọ, òun ló ṣàdédé dìde, ó ní àtìgbà tí a ti gba òmìnira ni gbogbo ayé ti ń lọ s'Ékòó, pé òun náà fẹ́ wo Ẹ̀yọ̀, òun fẹ́ jẹ oúnjẹ Èkó, òun fẹ́ fojú òun rí òkun kóun tó kú. Mo ní ká jọ lọ. Ó kọ̀. Mo ní kó mú Súbérù ọmọ wa dání. Ó tún kọ̀. Kí lèèyàn ń dá nìkan lọ wò? Síbẹ̀ mo gbé e mì, mo di oúnjẹ fún un, mo sìn ín dé ibi ọkọ̀, mo ṣe àdúà.

Ó dé, mo ní kó ròyìn Ẹ̀yọ̀ fún mi. Ó ní aṣọ funfun ni wọ́n wọ̀, wọ́n pọ̀ bí eéṣú. Mo ní akẹtẹ̀ orí wọn ńkọ́, irú àwọ̀ wo ni? Ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀, mo mọ ohun tí mò ń bi í. Salome tó ń gbé ẹ̀gbẹ́ wa, tí ọkọ ẹ̀ ṣe ọlọ́pàá l'Ékòó kí wọ́n tó gbé e wá síbí, ti sọ fún mi pé ilé kọ̀ọ̀kan tó bá gbé Ẹ̀yọ̀ jáde ló ní àwọ̀ akẹtẹ̀ tiẹ̀, ti èyí pupa, ti tọ̀hún dúdú, òmíràn bí ewé tútù. Àbúrò yín ní, "Akẹtẹ̀ ṣáà ni, gbogbo ẹ̀ jọra." Aláṣọ ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o. Ọkùnrin tó máa ń jókòó lẹ́nu ìsọ̀ ẹ̀ táá ní ẹtù obìnrin tó ń kọjá lọ́hùn-ún ni, aró ẹ̀ ti ń ṣí.

Mo ní òkun ńkọ́? Ó ní omi ńlá ni. Mo ní kí ló wà lódì kejì? Ẹ bi mí pé kí ló wí. Ó ní òkè ni, àti igi. Òkè, Ìyá Àmínát. Òkè tí èmi náà ń fojú kàn láràárọ̀ bí mo bá lọ pọnmi nínú odò Ọya. Salome rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú, ó ní òkun kò ní òdì kejì tí ojú ń tó. Ẹ ní ó lè jẹ́ ọ̀sà ló rí? Èmi náà rò ó bẹ́ẹ̀, mo bi í, ó ní òkun gan-an ni, etí ẹ̀ lòun dúró sí, omi ń bú, iyanrìn ń yẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ òun, iyọ̀ gbẹ sóun létè. Ẹni tó dúró síbẹ̀ tí kò rí omi, kí ló ń wò? Àbí ta ló ń wò?

Orí oúnjẹ ni ẹnu ẹ̀ wá ti tú. Ó ròyìn oúnjẹ títí ebi fi bẹ̀rẹ̀ sí í pa mí. Ó ní òun jẹ ẹ̀wà àwọn Àgùdà, èyí tí wọ́n fi omi àgbọn sè tó kúnná bí ẹ̀kọ mímu, wọ́n sì bu ọbẹ̀ ẹja sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní obìnrin tó gbé e fún òun jókòó ti òun, ó ń bá òun yọ eegun ẹja, ó ń mú ẹja tó ti yọ tán lé òun lọ́wọ́.

Ṣé ẹ gbọ́? Ó ń bá a yọ eegun. Ní Lọ́kọ́jà yìí, níbi tí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ já lẹ́nu ọmú ti mọ eegun tu dànù. Ta ló yọ eegun ẹja fún ẹ̀yin rí, yàtọ̀ sí ìyá tó bí yín? Olóúnjẹ wo ló ráyè irú ẹ̀, tí oníbàárà dúró lé e lórí? Ìyàwó ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ìyàwó ojú ọ̀nà pàápàá. Èmi tí mo bímọ fún un, mi ò yọ ọ́ fún un rí, mi ò ní parọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn bọ́ lẹ́nu ẹ̀ tán ló rí i pé òun ti sọ àsọjù, ló bá ní oorun ń kun òun, ó kọjú sí ògiri.

Páńsá ò fura, páńsá já síná. Àtìgbà náà ni mo ti ń ṣọ́ ọ, tí mo sì ń tìtorí obìnrin olóúnjẹ yẹn bá a jà. Kì í wojú mi mọ́ bó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ìhà etí mi ló ń wò. Mo wọ aṣọ tuntun kọjá níwájú ẹ̀, kò sọ nǹkan kan. Àná ló wá bà jẹ́ pátápátá. Mo pàdé ẹ̀ lọ́nà ọjà, a kọjú síra wa báyìí, mo rẹ́rìn-ín sí i, ó sì kọjá lára mi bí ẹni tó kọjá lára igi. Àwọn oníṣu wò mí, wọ́n wo ara wọn. Ilẹ̀ ò lanu kí n wọlẹ̀. Mo délé, mo sunkún, ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à máa ríran, mo ti rí i pé obìnrin yẹn ti gba ọkàn ẹ̀ lọ. Ni mo bá di ẹrù.

Ṣé ẹ̀yin náà mọ̀ sí i? Súbérù ní ọ̀dọ̀ yín ni bàbá òun kọ́kọ́ yà sí nígbà tó ti Èkó dé. Kí ló fi pamọ́ síbí? Kí ló dé tẹ́ ẹ tẹrí ba? Ẹ fi Kùránì búra fún mi pé kò sí obìnrin kankan l'Ékòó.

Ẹ búra? Kíá bẹ́ẹ̀?

Kí ló wá gbé e débẹ̀? Ẹ sọ̀rọ̀ sókè, mi ò gbọ́.

Ojú? Ojú ta ni?

Ẹ dúró ná. Ẹ gbé àpótí yẹn wá, n ó jókòó.

Dókítà ojú. Dókítà ojú ló lọ rí, dókítà sì ní ó ti pẹ́ jù, pé kò sóhun tóun lè ṣe sí i mọ́. Ó wo Ẹ̀yọ̀ títí, funfun nìkan ló rí. Ó lọ dúró létí òkun, ariwo ẹ̀ nìkan ló gbọ́. Obìnrin olóúnjẹ yẹn ń ṣàánú ẹ̀ ni. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí fojú kan án, ó mọ̀. Èmi tí à ń sùn lórí ẹní kan, mi ò mọ̀. Ó sì sọ fún yín, kò sọ fún mi. Kí ló rò pé n ó ṣe? Pé n ó sá lọ?

Yéè, ẹnu ọ̀nà ni mo gbé ẹrù yẹn sí. Ó lè fẹsẹ̀ kọ ọ́.

Rárá, ẹ má tẹ̀lé mi. Ẹ ò sì gbọdọ̀ sọ fún un pé mo ti gbọ́. Ẹ mọ agídí ẹ̀, bó bá mọ̀ pé mò ń káàánú òun, kò ní jẹ oúnjẹ mi mọ́. Kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ fún mi lọ́jọ́ tó bá wù ú, n ó dúró dè é. Ní báyìí, n ó délé, n ó sì bá a jà. N ó bú obìnrin Èkó yẹn dé ìran ìyá ẹ̀, kí Ọlọ́run forí jì mí, torí ó ṣe mí lóore. Ṣé ẹ̀rín lẹ̀ ń rín ni àbí ẹkún? Èmi náà ò mọ èyí tí mò ń ṣe. Ẹ jẹ́ kí n máa lọ. Ó ti mọ̀ mí sí oníjà nípa ọ̀rọ̀ yìí, bí mo bá ṣàdédé dákẹ́, á fura.