Oògùn Jẹ̀dí Bùsárí Ládánì

Ẹ̀yin èèyàn mi, kí n tó la ẹnu, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́: èmi ò mọ nǹkan kan. Ilé kéú ni mo lọ, n kò lọ ilé ìwé dókítà. Ẹ̀dọ̀ kan ṣoṣo tí mo mọ̀ ni èyí tí ẹ máa ń fi sórí ìrẹsì àfáà lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, èyí náà ẹ ti ń dín in kù. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo mọ ẹni tó ń jẹ ẹ́ ní kọ̀rọ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ tí mo gbé wá lónìí kò gùn: ara kì í gbọ́ ìnagijẹ. Orúkọ tó bá wù ọ́ ni kó o pe ọtí, ẹ̀dọ̀ rẹ yóò pè é ní ọtí. Kí ni wọ́n kọ́ wa nílé kéú? Ohunkóhun tó bá ń pani, ọtí ni, haráámù sì ni. Ẹ wá gbọ́ bí orúkọ ṣe pa èèyàn.

Bùsárí, ládánì mọ́sálásí wa, ahunṣọ òfì ni. Ohùn rẹ̀! Tó bá ń pe ìrun àsùbáà, àkùkọ á dákẹ́ kó lè gbọ́. Ó kórìíra ọtí débi pé bó bá ń kọjá níwájú ilé ọtí, á fi etí fìlà bo imú. Ṣùgbọ́n jẹ̀dí ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ó ní jẹ̀dí ń yọ òun lẹ́nu o. Èmi ò yẹ ìdí rẹ̀ wò. Bí a bá ti kírun tán, ó di ọ̀dọ̀ Ìyá Alágbo.

"Ìyá, ẹ fún mi ní oògùn jẹ̀dí."

"Olómi ni àbí èyí tó múná, Àfáà Ládánì?"

"Olómi kẹ̀? Ṣé omi ló ń lé jẹ̀dí?"

Kí ni ìyá náà fi ń rẹ egbò igi? Ṣé kí n sọ ọ́? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wolẹ̀ yẹn, ẹ bá mi sọ ọ́! Ògógóró! Egbò igi díẹ̀ nísàlẹ̀ ìgò, ògógóró dé ọrùn. Ife kan láàárọ̀ di mẹ́ta, mẹ́ta di ìgò. Ọdún mọ́kànlá! Jẹ̀dí wo ló ń gba ọdún mọ́kànlá?

Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ahunṣọ! Òwú ń já, ọ̀kọ̀ òwú ń bọ́ sílẹ̀. Bó bá sì ti mu ife kan, ọwọ́ á dúró. Á ní, "Ṣé ẹ rí i pé oògùn ni?" Òpè! Ohun tó ń gbọ̀n ọ́ náà ló ń dì ọ́ mú. Nígbà tó yá, ẹyinjú rẹ̀ pọ́n bí ìyeyè. Ẹsẹ̀ wú, apá gbẹ, ikùn yọ síwájú bíi ti aboyún. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń fi ṣe yẹ̀yẹ́: "Ládánì, ọjọ́ wo la ń sọmọ lórúkọ?" Èmi náà rẹ́rìn-ín. Astagfirulláhi.

Ìyàwó rẹ̀, Ṣìfáwù, gbé e lọ sọ́sibítù. Èmi àti jàmáà tẹ̀ lé e. Dókítà obìnrin kan bi í léèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Bàbá, ṣé ẹ máa ń mutí?"

Bùsárí fẹ́ fò kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. "Èmi? Ládánì? Láéláé!"

Dókítà wo ìyàwó. Ṣìfáwù wolẹ̀. Dókítà wá wo èmi.

Ẹ wò mí dáadáa. Èmi tí à ń jọ dúró lórí ìlà ìrun kan náà, tí mo ń gbọ́ òórùn ẹnu rẹ̀ ní gbogbo ìforíkanlẹ̀, kí ni mo sọ? Mo ní, "Dókítà, ẹ má bú wa. Mùsùlùmí òdodo ni. Mo jẹ́rìí."

Ó gbà mí gbọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá àìsàn mìíràn kiri. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta tí Bùsárí kò ti rí jẹ̀dí rẹ̀ mu, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń já ohun tí a kò rí kúrò lára aṣọ.

"Ẹ bá mi lé èèrà yìí! Wọ́n ń wọ ojú mi!"

Èèrà kankan kò sí. Jàmáà ní ayé ló na ọwọ́ sí i. Mo sáré fọ wàláà, mo bu omi rẹ̀ fún un mu. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n àfáà yín: ọtí ló ń jà, omi wàláà ni mo fi là á.

Ìgbà náà ni Ṣìfáwù di aṣọ dókítà mú lójú gbogbo wa.

"Dókítà, ọtí ni! Ọdún mọ́kànlá ló ti ń mutí! Ẹ gba ọkọ mi là!"

Jàmáà pariwo. "Ṣìfáwù! Ṣé o fẹ́ ba orúkọ ọkọ ẹ jẹ́ ni?"

"Ẹ gbé orúkọ náà lọ! Kí ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀ fún mi!"

Dókítà jókòó. Ó ní, "Màmá, ẹni tọ́tí bá ti mọ́ lára, bó bá já lẹ́nu rẹ̀ lójijì, orí lè dàrú báyìí. Ó ní ìtọ́jú. Ká ní a mọ̀, à bá ti bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kìíní." Ó ní ẹ̀dọ̀ ni asẹ́ inú ara, pé ti Bùsárí ti le bíi kànìnkànìn tó gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ kò rọ́nà gbà kọjá níbẹ̀ mọ́, ó ti mú kí iṣan ọ̀nà ọ̀fun wú.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú lójú ẹsẹ̀. Ọjọ́ kejì, Jímọ̀, iṣan náà bẹ́. Ọ̀fun tó fi ń pè wá sí ìrun ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà jáde. Ó di ọwọ́ mi mú, ó fẹ́ ṣe kálímà. Ẹ̀jẹ̀ kò jẹ́.

Ṣìfáwù, ẹni tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ìwòsàn, kò bú mi. Ó kàn ní, "Àfáà, ọjọ́ mẹ́ta yẹn ńkọ́?"

Ọlọ́hun Ọba, dárí ji Bùsárí. Gba ahọ́n wa lọ́wọ́ irọ́ tí a fi ń bo ara wa. Fi ọ̀nà mọ̀ wá kí ikùn wa tó wú, sì bẹ̀rẹ̀ láti orí àfáà tó jẹ́rìí èké.

Àmín yín kò dún tó. Ẹ̀yin tí ìgò wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín, àti ẹ̀yin ìyàwó tẹ́ ẹ mọ ibi tó wà, bí dókítà bá bi yín lọ́la, kí lẹ máa pe ohun tó wà nínú rẹ̀?