Ìbéèrè Ogún àti Ọmọ Ẹlẹ́èédú

"Àáfà, ọmọ yẹn kò jí ìbéèrè yín wò. Ẹ fọwọ́ sí ìwé ọmọ ọlọ́mọ."

Ọ̀rọ̀ tí Sàlámátù ìyàwó mi bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn, lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Òní ló pé ọjọ́ kẹjọ tó ti kú. Ẹ wá bá wa ṣe fìdáù rẹ̀, kí Ọlọ́hun san yín lẹ́san rere. Mo mọ̀ pé ẹ ń retí kí n ka ìwà rere rẹ̀ fún yín. Ẹ ti mọ̀ ọ́n. Èrò burúkú ni wáàsí tèmi lónìí: kí ènìyàn má fi ẹ̀sùn kan ẹnìkejì rẹ̀ nínú ọkàn, kó wá máa wá ẹ̀rí kiri. Ọlọ́hun kọ̀ ọ́ fún wa. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe Mùsùlùmí láàárín wa, kò yọ ẹ̀yin náà sílẹ̀.

Ìtàn kan ni mo fẹ́ sọ. Kì í ṣe ìtàn ará àtijọ́. Èmi ni mo hùwà náà.

Àwọn ọmọ ìlú wa tó wà lẹ́yìn odi dá ìdíje ìmọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ọmọ tó bá ṣe ipò kìíní yóò gba sikọ́láṣípù. Wọn yóò rán an níwèé títí yóò fi jáde ní yunifásítì. Èmi ni wọ́n fi ṣe alága àwọn adájọ́. Inú àpótí lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni ìbéèrè wà. Ọrùn mi ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Fọ́ọ̀mù ọmọ tó bá yege kò sì lè kúrò nílùú láìsí ìbuwọ́lù mi. Amáànà, ohun ìfọkàntán, ni wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́.

Mo wá kọ ìbéèrè kan tí mo mọ̀ pé yóò dá gbogbo wọn dúró. Ọkùnrin kan kú. Ó fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, ìyàwó kan, ọmọkùnrin kan, ọmọbìnrin kan, àti igi kòkó méjìléláàádọ́rin. Igi mélòó ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan?

Ẹ̀yin àgbà ńkọ́? Ẹ lè dáhùn? Ẹ má wo ilẹ̀, ẹ wo mí.

Àwọn ọkùnrin mẹ́wàá kan ni mo ń kọ́ ní ogún pínpín ní pálọ̀ mi, lọ́jọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun àsárì. Ọdún kẹta rèé. Mẹ́ta nínú wọn ló mọ̀ ọ́n.

Ọmọ mọ́kànlélógójì ló jókòó ṣe ìdíje. Ẹyọ kan ló gba ìbéèrè yẹn. Bàríátù ni, ọmọ ìyá tó ń ta èédú lẹ́bàá ilé ìlagi. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, bàbá rẹ̀ ti kú. Ó kọ ọ́ báyìí: ìyá, igi méjìlá. Ìyàwó, mẹ́sàn-án. Ọmọkùnrin, mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Ọmọbìnrin, mẹ́tàdínlógún. Kò pa ọ̀kankan rẹ́. Òun ló sì ṣe ipò kìíní.

Ọ̀gbẹ́ni Rájí tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò wo ìwé náà, ó bú sẹ́rìn-ín. "Àáfà, ẹni tó máa gba ipò yín ti dé o!"

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rántí.

Mo rántí pé ọmọ yìí máa ń wá sílé wa, pé ó máa ń bá Sàlámátù ṣa ẹ̀wà. Mo rántí pé ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ìdíje, mo ti mọ́sálásí dé, mo sì bá a lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ wàláà, pátákó tí a fi ń kọ́ kéwú. Omi tàdáwà, yíǹkì dúdú wa, ń ṣàn lọ sídìí ìbẹ́pẹ. Bó ṣe rí mi, ó kúnlẹ̀. Sàlámátù tó ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ sì dákẹ́. Kí ló dé tí ó dákẹ́? Ọmọ wo ló ń fọ wàláà nígbà tó yẹ kó máa kàwé? Kí ni wọ́n kọ sí i tí ó yẹ kí wọ́n tètè fọ̀ kúrò?

Mo lọ wo àpótí. Mo yọ àpòòwé ìbéèrè. Àmì ìka wà lẹ́yìn rẹ̀. Dúdú!

Ẹ dá mi lóhùn. Ìka ta ló máa ń dúdú nílùú yìí ju ti ọmọ ẹlẹ́èédú lọ?

Ta ló sọ̀rọ̀ lọ́hùn-ún yẹn? "Ọmọ náà ni." Ẹ ṣeun. Ohun tí èmi náà sọ nìyẹn. Ẹ ò rí i pé kò nira?

Mo pe Sàlámátù. Mo ní, "Ta lo fún ní kọ́kọ́rọ́ ọrùn mi nígbà tí mo ń wẹ̀?"

Ó ní, "Kọ́kọ́rọ́ kí ni?"

"Bàríátù gba ìbéèrè ogún."

Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pàtẹ́wọ́. "Ó gbà á? Alhamdulillahi! Mo sọ fún un pé kó má gbàgbé ìyá!"

Ẹ gbọ́ o. Ó jẹ́wọ́, àbí? Lójú tèmi, ó ti jẹ́wọ́. Mo ní, "Ìwọ lo fi hàn án."

"Èmi ni mo kọ́ ọ. Ẹ̀yìn kọ́tìnì pálọ̀ yín la máa ń jókòó sí tí a bá ń ṣa ẹ̀wà. Ẹ̀yin ń kọ́ àwọn ọkùnrin, àwa ń gbọ́. Tí ẹ bá parí, mo máa ń kọ òmíràn sí wàláà fún un."

"Ẹ̀wà lẹ̀ ń ṣà, ẹ wá mọ ogún pín?"

"Etí kọ́ la fi ń ṣa ẹ̀wà, Àáfà."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ bi mí rí?"

Mo ní kó búra. Ó ní, "Ọdún mẹ́rìnlélógún ni mo ti ń fọ aṣọ yín. Ẹ kò ní kí n búra nípa ọṣẹ rí." Ó sì búra. Ó ní, "Ó tán. Ẹ pe ọmọ náà. Ẹ fún un ní ìbéèrè mìíràn lójú ara yín."

Mo ní rárá. Mo ní òun àti ọmọ náà ti jọ múra sílẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ohun tí èrò burúkú máa ń ṣe fún ènìyàn nìyẹn. Ó búra, mo ní irọ́ ni. Bí ó bá kọ̀ láti búra, mo máa ní ẹ̀rù ló ń bà á. Ọ̀nà wo ni mo fi sílẹ̀ fún un? Ní ọjọ́ kejì mo rí Ìyá Bàríátù lójú ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ kí mi, mo sì ń wò ó bóyá ó kúnlẹ̀ jù.

Mo ki fọ́ọ̀mù ọmọ náà bọ àpò. Mo kọ lẹ́tà, mo fi orúkọ ọmọ tó ṣe ipò kejì sí i. Sàlámátù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé oúnjẹ mi sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Mo ní ọkàn rẹ̀ ló ń dá a lẹ́bi.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ló mú un ṣubú ní ọjọ́ kọkànlá tí mo ní kó búra. A gbé e dé ọsibítù. Ó la ojú lẹ́ẹ̀kan, ó sọ ohun tí mo sọ fún yín níbẹ̀rẹ̀. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo rò? Mo rò pé, títí di ibí yìí, ó ṣì ń gbèjà ọmọ náà. Kó tó di ìrun ìrọ̀lẹ́, ó ti lọ.

Ọjọ́ kẹta tí a sin ín, mo ń wá tẹ̀súbáà rẹ̀. Mo ká kọ́tìnì pálọ̀ sókè. Wàláà rẹ̀ fara ti ògiri níbẹ̀. Ó ti kọ ìbéèrè sí i, ìbéèrè tí èmi kò kọ rí láyé mi. Bàbá kan kú. Ó fi ìyàwó kan sílẹ̀, ọmọbìnrin kan ṣoṣo, àwọn àbúrò lọ́kùnrin, àti ilé oníyàrá mẹ́jọ. Bàríátù ti dáhùn lábẹ́ rẹ̀. Ìyàwó, yàrá kan. Ọmọbìnrin, yàrá mẹ́rin. Àwọn àbúrò, mẹ́ta. Kò ṣì í. Lẹ́yìn náà ló kọ ọ́ sísàlẹ̀, ní lẹ́tà wẹ́wẹ́: "Mẹ́rin ni tèmi."

Ẹ mọ ilé yẹn, ilé bàbá Bàríátù. Gbogbo wa là ń gba iwájú rẹ̀ kọjá. Àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ ló wà nínú yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, òun àti ìyá rẹ̀ ń sùn lẹ́yìn ilé ìlagi. Ohun tó mú un jókòó sẹ́yìn kọ́tìnì mi nìyẹn. Ó fẹ́ mọ ohun tó tọ́ sí i. Àwọn ọkùnrin mẹ́wàá tí mo ń kọ́, kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ká lára tó bẹ́ẹ̀ nínú wọn.

Mo yọ àpòòwé ìbéèrè. Mo gbé àtàǹpàkò mi lé àmì dúdú yẹn. Àdá ti gé àtàǹpàkò mi nígbà kan, ojú àpá náà sì gba àárín àmì náà kọjá. Ní ọjọ́ tí mo kó ìbéèrè sínú àpòòwé, èmi ni mo po tàdáwà.

Àlàájì Gàníyù, mo gbọ́ yín. Ẹ ní, "Àáfà, ó tó, ẹ bo àṣírí." Àṣírí ta ni? Ti Sàlámátù ni mo ti tú nínú ọkàn mi láìṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tú tèmi.

Ọlọ́hun, fọ̀nà hàn wá kó tó pẹ́ jù. Mú ojú wa kúrò lára ọwọ́ ẹlòmíràn, kí a lè rí tiwa. Forí ji Sàlámátù, fẹ sàréè rẹ̀, kí o sì fi àlùjánńà ṣe ilé rẹ̀. Ẹ ṣe àmín.

Ẹ má tíì dìde. Ẹ ti ń wò mí bí ẹni tó ti túúbá. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni mo ṣe. Òní ni Àláàdì, Àlàmísì tó ń bọ̀ ni wọn yóò gba fọ́ọ̀mù kẹ́yìn. Fọ́ọ̀mù náà wà lápò mi níbí. N kò tíì fọwọ́ sí i. N kò tíì ya lẹ́tà tí mo fi orúkọ ọmọ kejì sí. N kò tíì sọ fún Ọ̀gbẹ́ni Rájí àti àwọn adájọ́ yòókù. N kò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn tó wà nínú yàrá mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yẹn. N kò tíì bẹ Ìyá Bàríátù. Bàríátù fúnra rẹ̀ ló ń pín omi fún yín láti àárọ̀. N kò tíì lè wo ojú rẹ̀.

N kò sì tíì fọ wàláà náà.