Púlọ́ọ̀gì tó lọ pẹja

Mo jókòó sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe ní Ìkòròdú, nígbà tí tọkọtaya kan gbé tiwọn dé. Oníṣẹ́ náà ṣí i, ó ní kò sí púlọ́ọ̀gì nínú ẹ̀ rárá.

Ìyàwó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Olówó orí mi, púlọ́ọ̀gì dà?"

"Mo yọ ọ́ láti nù ún ni. Àfi tí mo bá ṣì í kó mọ́ àwọn tó ti kú."

"Àwọn wo ló kú?"

"Àwọn púlọ́ọ̀gì àtijọ́ tí mo máa ń so mọ́ okùn ìwọ̀. Ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ń ṣàn. Tí nǹkan tó wúwo ò bá sí nísàlẹ̀ okùn, ekòló á kàn máa léfòó ni, ẹja gidi ò sì sí lókè. Tó bá tún wúwo jù, inú ẹrẹ̀ ló máa rì sí."

"Ẹ kú ọgbọ́n. Ẹja mélòó lẹ wá pa?"

"Púlọ́ọ̀gì há sára igi nísàlẹ̀ omi. Okùn já."

"Okùn já." Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Láti ìgbà tí wọ́n ti mú iná lọ ni ẹja tí mò ń tà ti ń rùn nínú fírísà. Ẹ wá gbé púlọ́ọ̀gì wa lọ fún ẹja odò."

"Má bínú. Màá ra òmíràn."

"Ta ló ń bínú? Ẹ kúkú gbé jẹnẹrétọ̀ náà lọ bá wọn. Wọ́n ti ní púlọ́ọ̀gì, ẹ jẹ́ kí wọ́n tan iná."