Ẹsẹ̀ Ọmọ Tí N Kò Fọwọ́ Tẹ̀

Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ ń bá a. Tèmi ti bá mi lórí ibùsùn. Dókítà ní kíndìnrín mi méjèèjì ti dáṣẹ́ sílẹ̀, n kò sì fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ yìí wọ sàréè. Èmi Philip Adébánjọ, tí gbogbo Jos ń pè ní ọ̀gá onímọ̀ oúnjẹ aṣaralóore, mo purọ́, irọ́ náà sì pa ọmọ.

Lọ́dún tí ìjọba fẹ́ kọ ìwé ìlànà oúnjẹ ọmọdé, àríyànjiyàn gba gbogbo orí rédíò. Àwọn kan ní kí wọ́n máa pín ẹyin àti ẹ̀pà lílọ̀ fáwọn abúlé. Àwọn kan ní kúnú ọkà tí wọ́n ń mu ti tó wọn. Wọ́n ní ẹ̀rí ni yóò parí ìjà náà. Èmi ni wọ́n rán lọ sí abúlé Gyel láti wọn apá ọgọ́fà ọmọ. Bí okùn aláwọ̀ tí a fi ń wọ̀n ọ́n bá dúró lórí pupa, ebi ń pa ọmọ. Bó bá dúró lórí àwọ̀ ewé, ara rẹ̀ le. Ogún péré ni mo wọ̀n tí òjò fi dé, tó sì rẹ̀ mí. Mo jókòó sọ́dọ̀ onítíì kan ní Bauchi Road, mo hùmọ̀ ọgọ́rùn-ún yòókù, mo fi gbogbo wọn sórí àwọ̀ ewé. Ọládayọ̀ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ rí mi, ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ọ̀gá, ta ló máa lọ kà wọ́n?" Ọ̀lẹ ni mí, n kò ní orúkọ mìíràn tí mo lè pè é.

Wọ́n pe ìpàdé ìta gbangba. Mo wọ kóòtù, mo so táì, mo ka irọ́ mi, wọ́n pàtẹ́wọ́. Obìnrin kan bá dìde lẹ́yìn, Ọmọ́ṣaléwá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Jos, tó fẹ́ àgbẹ̀ kan ní Gyel. Ó gbé ọmọbìnrin rẹ̀ dání, Tẹjú, ọmọ ọdún méjì.

"Haba, ọ̀gá," ó ní, "kò sẹ́ni tó wọn ọmọ kankan ládùúgbò wa. Kúnú nìkan ni Tẹjú ń mu. Ẹ wò ó, ara ẹ̀ ń wú."

Bí ara ọmọ bá wú, ohun tí wọ́n kọ́ wa ni pé ká kọ́kọ́ fi àtàǹpàkò tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Bí ojú ibẹ̀ bá jìn tí kò padà, ilé ìwòsàn ló kàn, torí omi ló kún ara náà, okùn kò sì mọ omi yàtọ̀ sí ẹran. Ẹsẹ̀ Tẹjú ń dán. Kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo ti mọ̀. Ìkà ni mí, n kò fọwọ́ kan ẹsẹ̀ náà. Apá rẹ̀ ni mo fi okùn yí ká, mo sì fi han gbogbo èèyàn: àwọ̀ ewé.

Mo ní, "Ìyá Tẹjú, ẹ̀rí rèé. Ọmọ yín sanra ni. Ẹ máa gbé e lọ sílé."

Ó kúnlẹ̀. "Na gode, ẹ ṣeun, sà. Ọkàn mi ti wá balẹ̀."

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ọmọ náà kú. Nígbà tí wọ́n pín ẹyin, wọn kò pín in dé Gyel, torí ìwé mi ní ara àwọn ọmọ ibẹ̀ le. Mo gbọ́ pé ìyá ọkọ Ọmọ́ṣaléwá ń wí kiri pé ìyàwó náà kò mọ ọmọ tọ́jú, pé Ọmọ́ṣaléwá fúnra rẹ̀ sì ti gbà bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo fi mọ̀, tí mo panu mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ yìí, ọmọ tó wà níwájú yín ni kí ẹ wò, kì í ṣe ìwé tí ẹ ti kọ. Ọmọ́ṣaléwá, n kò lẹ́nu tí n óò fi bẹ̀ ọ́. Kí o ṣáà gbọ́ èyí: o rí àìsàn náà kí ẹnikẹ́ni tó rí i, o sì gbé ọmọ rẹ wá bá ẹni tó yẹ. Èmi ni mo ní kí o máa gbé e lọ sílé.