Òkúta Tí Mo Rẹ́ Mọ́ Ògiri Ṣọ́ọ̀ṣì Wa

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó ti di ọdún mẹ́rìnlá tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Mo ń kọ ọ́ nísinsìnyí nítorí pé ìyá àgbàlagbà kan ránṣẹ́ pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, mi ò sì lè ṣe ohun tó ní kí n ṣe.

Bíríkìlà ni mí, ní ìlú kékeré kan ní Rẹ́mọ. Ọmọ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ni mí. Ṣọ́ọ̀ṣì wa ti pẹ́. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ògiri rẹ̀, ó sì nípọn débi pé èèyàn lè jókòó sójú fèrèsé. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló mọ ìpele kan. Bí ẹ bá ha ẹfun ara rẹ̀ kúrò, ẹ ó rí i pé amọ̀ wọn kò dọ́gba: ìpele kan pupa, òmíràn dúdú, òmíràn kún fún òkúta wẹ́wẹ́. Èmi ni wọ́n gbé iṣẹ́ fún nígbà tí ògiri ẹ̀yìn àga ìwàásù bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí.

Èmi nìkan ni mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Bí mo ṣe ń ha á, mo kan òkúta pẹlẹbẹ kan tí wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ sí lára.

Ẹ jọ̀ọ́, ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ń tì mí lójú. Mi ò mọ̀wé kà nígbà náà. Ìyàwó mi nìkan ló mọ àṣírí yìí. Inú ẹgbẹ́ akọrin ni mo wà. Mo há gbogbo orin sórí, mo ń di ìwé orin mú. Bí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá ṣí ewé, èmi náà á ṣí i. Nínú ìjọ wa, ẹni tó bá ṣiṣẹ́ sí ilé Ọlọ́run ni yóò dìde lọ́jọ́ Ìsinmi láti ròyìn rẹ̀. Mo mọ̀ pé wọn yóò ní kí n ka òkúta náà sétí ìjọ.

Mo ya àpò sìmẹ́ǹtì, mo sì fi pẹ́ńsù kọ àwọn lẹ́tà náà síbẹ̀ bí ẹni ń ya àwòrán, kí ìyàwó mi lè kà á fún mi. Lẹ́yìn náà ni mo po sìmẹ́ǹtì, mo rẹ́ òkúta náà bò. Mo rò pé bí mo bá ti há ọ̀rọ̀ rẹ̀ sórí tán, n ó tún ṣí i.

Ìyàwó mi kò kà á. Bí mo ṣe délé, mo bá a lórí àìsàn. A gbé e lọ sí ọsibítù ní Ṣàgámù, kò sì bá mi padà wálé. Mo ju bébà náà sínú àpótí rẹ̀.

Nígbà tó yá, ìjọ ní kí n mọ fẹ́ǹsì yí ọgbà ká. Mo mọ ọ́n. Ó gba ibojì ìdílé Mùsùlùmí kan, àwọn olóbì, sínú ọgbà, wọ́n sì ti géètì pa. Màmá àgbà ilé wọn wá bá àwọn alàgbà lójú mi. Ó ní bàbá bàbá òun ló fi ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tọrẹ, àti pé igun tí ibojì wà ṣì jẹ́ tiwọn.

Alàgbà kan rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, ẹ mú ìwé ilẹ̀ wá.”

“Ìwé wo? Ara ògiri yín ni wọ́n kọ ọ́ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń kọrin ìlẹ̀kùn ọ̀run lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ wá ti géètì mọ́ ìyá mi.”

Alàgbà náà kọjú sí mi. “Bíríkìlà, ìwọ lo ha ògiri. Ṣé o rí nǹkan?”

Mo ní, “Mi ò rí nǹkan kan, sà.”

Màmá wò mí. Kò bú mi. Ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó lọ.

Lẹ́yìn èyí ni mo lọ sílé ẹ̀kọ́ mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà àwọn àgbà. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn tí mo lè bí lọ́mọ. Nígbà tí mo ń kó aṣọ ìyàwó mi fún àbúrò rẹ̀ ní Irolu, mo rí bébà náà. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé Súlè olóbì ló fi ilẹ̀ náà tọrẹ, àti pé igun ibojì jẹ́ ti àwọn ọmọ rẹ̀ títí láé.

Ó ti tó ọdún márùn-ún tí mo ti kà á. Mi ò sọ̀rọ̀. Wọ́n ti fi mí jẹ ìríjú. Wọ́n sì ti tẹ ìwé ìtàn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn baba ìjọ ló ra ilẹ̀ náà. Ẹ̀rí tí wọ́n dì mú ni irọ́ mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màmá ránṣẹ́ pè mí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́. Ó ní, “Bíríkìlà, mo ti fi ẹ̀gbẹ́ ìyá mi sílẹ̀ fún yín. Wá bá mi wọn ibi tí wọn ó tẹ́ mi sí nínú àgbàlá yìí. Mo gbọ́ pé ìwọ̀n tìrẹ kì í yẹ̀.”

Mo ní ó dáa, mà. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni a fi àdéhùn sí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n kọ́kọ́ fọ́ ògiri náà níwájú ìjọ ni, àbí kí n kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún Màmá? Bí wọ́n bá yọ mí nípò, ó tọ́ sí mi. Ṣùgbọ́n bí ọmọ tàbí ọmọ-ọmọ Màmá bá ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́ ilẹ̀ àgbàlá yẹn kí n tó dé.