Àgbá Tí Odile Ní Kí N Dáná Sun

Ẹ jókòó tì mí, ẹ̀yin ará abúlé, ẹ má sì já lu ọ̀rọ̀ mi. Dókítà ti ní kò sí oògùn mọ́. Bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a, ọjọ́ náà ló dé yìí. Èmi Fulgence, tó ń ṣe ọtí àjàrà fún ìdílé Castaing látìgbà èwe mi, tí ẹ ń pè ní olóòótọ́, èmi ni mo ba ọtí Odile ọmọ wọn jẹ́. Kì í ṣe òjò, kì í ṣe táńkì irin.

Ẹ rántí ọdún tí baba rẹ̀ kú tó gba oko. Òjò pọ̀ débi pé ìdajì àjàrà Mẹ́ló jẹrà lórí igi. Àjàrà Kábánẹ́, tó máa ń pẹ́ pọ́n, ló kó wa yọ: oòrùn mú ní Oṣù Kẹsàn-án, ó sì pọ́n dáadáa. Odile ní ká dín Mẹ́ló kù nínú àdàlù ọtí náà, kí Kábánẹ́ pọ̀ jù. Ó tọ́, mo mọ̀ pé ó tọ́. Ṣùgbọ́n ó ti wó táńkì símẹ́ǹtì tí èmi àti baba rẹ̀ jọ mọ, ó gbé táńkì irin wá láti máa po ọtí kí a tó rọ ọ́ sínú àgbá onígi, kò ka ìkìlọ̀ mi sí, ó sì ní kí n dáná sun ògbólógbòó àgbá kan tí àrùn ti wọ igi rẹ̀, tó ń mú ọtí rùn bí ẹṣin. "Bàbá Fulgence, ẹ̀yin àti àgbá yìí, ta lẹ̀gbọ́n?" Gbogbo òṣìṣẹ́ bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ tí mo gbé lé èjìká!

Mi ò sun ún. Mo gbé e pamọ́ sẹ́yìn ilé ọtí, mo rọ ọtí sí i. Agídí lásán ni nígbà yẹn. Ẹ kúkú mọ̀ pé igi àgbá máa ń fa ọtí mu, ìdí nìyẹn tí a fi ń bu ọtí kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kí afẹ́fẹ́ má bàa ráyè wọlé. Iṣẹ́ tèmi nìyẹn, ẹnikẹ́ni kì í wò mí. Nígbà tí mo tọ́ ọtí tuntun inú àwọn àgbá Odile wò, ó dára ju gbogbo èyí tí mo ti ṣe láyé mi lọ. Ṣé irin ni yóò gba ògo yìí? Ìlara burúkú! Mo bu ọtí inú àgbá aláìsàn yẹn, mo fi kún gbogbo àgbá tó kù, mo sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sẹ̀ kejì. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Nígbà tó di Oṣù Kẹrin, àwọn oníṣòwò wá tọ́ ọ wò nínú àgbá, bí ìṣe wọn. Labarthe, ọ̀kan nínú wọn, tu ti ẹnu rẹ̀ dànù. "Háà, Odile! Ẹṣin wo lo wẹ̀ sínú èyí?" Wọ́n rẹ́rìn-ín jáde, wọn ò ra nǹkan kan. Odile dì mí lápá mú: "Bàbá, kí ni mo ṣe? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún mi." Mo wò ó lójú, mo ní, "Irin rẹ ni. Mo wí fún ọ, o ò gbọ́." Ó sì gbà mí gbọ́! Ó ta oko baba rẹ̀. Ẹni tó rà á hú gbogbo àjàrà náà, ó kọ́lé síbẹ̀. Odile wá ń fọ abọ́ nílé oúnjẹ kan ní Bordeaux.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, ó wá kí mi. Ó ń fi ṣíbí bu ọbẹ̀ sí mi lẹ́nu, ó ní, "Ẹ kìlọ̀ fún mi, Bàbá. Ká ní mo gbọ́ tiyín ni, oko ì bá ṣì wà." Mo gbé ọbẹ̀ náà mì, mo tún la ẹnu fún òmíràn. Ẹ ò rí ìwà ìkà!

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín bá mọ̀ ọ́n ṣe jù yín lọ, ẹ jẹ́ kó ṣe é. Ẹ bá mi ránṣẹ́ sí Odile lónìí. Bó bá fẹ́, kó dárí jì mí. Bó bá fẹ́, kó wá tutọ́ sí mi lójú. Ṣùgbọ́n kí ẹ kọ́kọ́ sọ fún un pé kò ṣe àṣìṣe kankan. Ọtí rẹ̀ dára ju tèmi lọ.