Omi Kò Kán

Ẹ̀yin ará ibi iṣẹ́ mi, ẹ má tíì jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá Sípánà jáde lẹ́nu ọ̀nà yẹn. Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́nà ọ̀fun, ó sì ti fẹ́ pa mí. Bí mi ò bá sọ ọ́ lónìí tí gbogbo yín pé sílé ẹ̀rọ yìí láti dágbére fún un, inú sàréè ni ẹnu mi yóò ti máa jẹ mí. Bọ̀ọ̀dá kò jalè. Èmi ni mo ba ẹ̀rọ jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wá láti ọ́fíìsì lè má mọ ohun tí à ń pè ní ẹ̀wù. Ọ̀pá irin kan ló ń yí nínú ẹ̀rọ tó ń fa omi, òun gan-an ni ẹ̀mí ẹ̀rọ. Kí nǹkan má baà máa ha ọ̀pá yìí lára, a máa ń fi páìpù irin kékeré kan bọ̀ ọ́. Ìyẹn ni ẹ̀wù: ẹ̀wù ń jìyà, ọ̀pá ń jẹgbádùn. A ó wá fi okùn tí a fi gírísì pa dí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wù náà, a ó fi nọ́ọ̀tì dè é, ṣùgbọ́n a kì í dè é pa. Omi gbọ́dọ̀ máa kán níbẹ̀, tó, tó, tó, kí ara ẹ̀wù lè tutù. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ni Bọ̀ọ̀dá ti kọ́ mi. Ó ní, "Àbúrò mi, bí o bá rí i tó ń kán, má bínú sí i. Ọjọ́ tí kò bá kán mọ́ ni kí o sáré wá pè mí." Iṣẹ́ mi kò ju kí n jókòó ti ẹ̀rọ, kí n máa wo omi tó ń kán.

Ẹ mọ̀ mí. Ẹ̀yin náà lẹ sọ mí ní Oníwèé. Ẹ máa ń bi mí pé bí ẹ̀rọ bá kú, ṣé ìwé ni mo máa fi fa omi. Tíṣà tó ń gbé òdìkejì ilé wa ló ń yá mi ní ìwé ìtàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ burúkú náà, ìwé ọwọ́ mi dùn débi pé mi ò mọ̀ pé mo ti sún mọ́ ẹ̀rọ jù. Omi ta sójú ewé. Tíṣà sì ti kìlọ̀ pé, "Bí omi bá kan ìwé mi, má padà wá síbí mọ́." Mo lè sún àga sẹ́yìn. Kí ló ṣòro níbẹ̀? Ṣùgbọ́n ibi tí mo jókòó sí yẹn ni ìmọ́lẹ̀ fèrèsé mọ. Mo mú sípánà nínú àpótí Bọ̀ọ̀dá, mo de nọ́ọ̀tì náà pinpin títí omi fi dákẹ́.

Mo padà sínú ìtàn mi. Ilé ń jó nínú ìwé náà, ọmọbìnrin kan wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kò rọ́nà sọ̀ kalẹ̀. Mo ń gbóòórùn èéfín. Ẹ wá gbọ́ ìwà òmùgọ̀: ẹni tó kọ ìwé ni mo ń yìn, mo ní ẹni yìí mọ ìtàn án sọ. Ìgbà tí ẹ̀rọ ké ni mo tó gbójú sókè. Ẹ̀wù ti yọ́ mọ́ ọ̀pá lára, ọ̀pá ti wọ́.

Bí mo bá kígbe nígbà náà, ọ̀rọ̀ ì bá mọ síbẹ̀. Mi ò kígbe. Mo kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀, mo nu sípánà, mo dá a padà sínú àpótí, mo fi ìwé sábẹ́ aṣọ. Lẹ́yìn náà ni mo wá figbe bọnu.

Ẹnjiníà tó jẹ́ ọ̀gá wa wá wo irin tó jóná, ó ní, "Ta ló fi ẹ̀wù yìí sí i?" Bọ̀ọ̀dá ní, "Èmi ni, sà. Èmi náà ni mo lọ rà á." Ẹnjiníà ní bí omi bá ń kán tí ẹ̀wù sì jó báyìí, a jẹ́ pé ayédèrú ni, a jẹ́ pé ẹnìkan ti ta ojúlówó jẹ. Bọ̀ọ̀dá yíjú sí mi. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, torí ó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, sọ fún wọn. Ṣé omi ń kán?"

Mo ní, "Ó ń kán, sà."

Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi pè é lólè, tí wọ́n sì ní kó fiṣẹ́ sílẹ̀. Ẹnu yìí kan náà ni mo fi ń jẹun láti ọjọ́ náà. Àwọn àgbà ní bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Èmi ò tiẹ̀ sọ tèmi sọ́jà. Mo fojú sùn ún, mo sọ ọ́ lu ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́.

Ì bá bú mi, ì bá pè mí ní òpùrọ́, ì bá sàn fún mi. Ó gbà mí gbọ́ ni. Ó gba ọ̀rọ̀ mi gbọ́ ju ọwọ́ ara rẹ̀ lọ. Ìyàwó rẹ̀ wá bá mi nílé lánàá, ó ní, "Jọ̀ọ́, bá mi bá ẹ̀gbọ́n rẹ sọ̀rọ̀. Kò jẹun. Ó kàn ń wo ọwọ́ rẹ̀ ṣáá, ó ní bóyá òun ra ayédèrú láìmọ̀, bóyá ojú òun ti ń fọ́." Mo tẹ̀ lé e. Èmi ọ̀dàlẹ̀, mo jókòó ní pálọ̀ wọn, mo ń ṣìpẹ̀. Bí mo ṣe fẹ́ máa lọ, Bọ̀ọ̀dá gbé sípánà kan lé mi lọ́wọ́. Ó ní, "Oníwèé, gbà. Èmi ò lọ́wọ́ iṣẹ́ mọ́. Ìwọ ṣì lójú tó ń ríran." Sípánà ọjọ́ náà ni.

Òun ló wà lọ́wọ́ mi yìí. Bọ̀ọ̀dá, mo bẹ̀ yín, ẹ gbà á. Ẹnjiníà, èmi ni kí ẹ lé. Bí ẹ bá fẹ́ pe ọlọ́pàá, ẹ pè wọ́n, mi ò ní sá. Bọ̀ọ̀dá, ẹ̀yin ni mo fi ṣe ẹ̀wù kí iná má baà kàn mí, ẹ sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jó tán kí n tó lanu. Bí ẹ bá lè dárí jì mí, ẹ ṣàánú mi. Bí ẹ ò bá lè ṣe é, mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ yéé wo ọwọ́ yín bẹ́ẹ̀ yẹn. Kò sí nǹkan tó ṣe é. Ẹ bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, níwájú gbogbo wọn, bí ẹ ṣe bi mí lọ́jọ́ náà.

Kò kán, Bọ̀ọ̀dá. Omi kò kán.